Iná Tó Ṣì Wà Nínú Kọ̀ǹpútà Tí A Ti Pa: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Ẹlẹ́rìndòdò Tó Dà Sínú Àpótí

“Ṣé o ti yọ ọ́ kúrò lára iná?”

“Mo ti pa á, ẹ̀gbọ́n. Mo tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ó fi kú pátápátá.”

Ìdáhùn yìí ni mo fi bẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀ mi, nítorí òun ni gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà so rọ̀ mọ́. Mo bi í bóyá ó ti yọ ọ́, ó ní òun ti pa á. Lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ọ̀kan náà ni méjèèjì. Lójú kọ̀ǹpútà orí tábìlì, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà rárá.

Àbúrò mi obìnrin ló ni kọ̀ǹpútà náà. Orí rẹ̀ ló ti ń kọ iṣẹ́ ìwádìí tí yóò fi gboyè. Ẹ̀gbẹ́ mọ́nítọ̀ ni àpótí rẹ̀ wà lórí tábìlì, òkè àpótí náà sì tẹ́jú débi pé nǹkan lè dúró lé e. Ìgò ẹlẹ́rìndòdò dúdú kan ló gbé síbẹ̀, ó sì ti ṣí ọmọrí rẹ̀. Ó na ọwọ́ mú ìwé kan, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ gbá ìgò, ìgò sì dojú dé. Òkè tó tẹ́jú yẹn kì í ṣe irin tó dí pa. Ihò wẹ́wẹ́ ló kún ibẹ̀ bí ajọ̀, fáànù tó ń fẹ́ ooru jáde sì wà lábẹ́ rẹ̀. Kí ó tó gbé ìgò dìde, ohun tó lé ní ìdajì rẹ̀ ti wọlé.

Ó ṣe ohun kan tó dára lójú ẹsẹ̀: ó tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ títí ẹ̀rọ fi kú. Lẹ́yìn náà ó wá aṣọ, ó nu tábìlì, ó nu kíbọ́ọ̀dù, ó nu ara àpótí, ó kó ìwé rẹ̀ tó ti tutù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìgbà yẹn ló tó pè mí. Nígbà tí a ṣírò rẹ̀ pọ̀, ó fẹ́ẹ̀ tó ogún ìṣẹ́jú láàárín ìgbà tí ìgò ṣubú àti ìgbà tí mo gbọ́.

Mo ní kí ó wo inú àpótí láti ara gíláàsì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ó sọ fún mi bóyá ó rí iná kankan. Ó dákẹ́ díẹ̀. “Iná kékeré kan ń tàn nísàlẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Bíńtín ni.” Àyà mi já.

Ìdí tí àyà mi fi já nìyí. Páwá páàkì irú kọ̀ǹpútà yìí, ìyẹn àpótí kékeré tó ń pín iná fún ẹ̀rọ, kì í sùn tán. Níwọ̀n ìgbà tí wáyà rẹ̀ bá ṣì wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, tí iná sì wà níbẹ̀, ó ń fi fóltì 5 ránṣẹ́ sínú mọ́dábọ́ọ̀dù, ìyẹn bọ́ọ̀dù ńlá tí gbogbo ẹ̀yà ẹ̀rọ so mọ́, láìdáwọ́ dúró, kódà bí gbogbo fáànù ti dúró tí ojú mọ́nítọ̀ sì ti ṣókùnkùn. Iná ìmúra ni. Òun ló jẹ́ kí bọ́tìnnì lè jí ẹ̀rọ dìde, òun ló jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mìíràn lè ti orí wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì jí i. Láti inú fóltì 5 yẹn ni bọ́ọ̀dù tún ti ń ṣe fóltì 3.3 fún àwọn ibi tó gbọ́dọ̀ wà lójúfò. Nítorí náà, fún ogún ìṣẹ́jú tí àbúrò mi fi ń nu tábìlì, iná àti ẹlẹ́rìndòdò ti ń bára wọn ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀.

Mo sọ fún un pé kí ó nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, kí ó pa iná láti ara ògiri, kí ó fa púlọ́ọ̀gì yọ, kí ó wá tẹ bọ́tìnnì àpótí náà mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kí èyí tó kù nínú bọ́ọ̀dù lè lọ. Ó bi mí bóyá kí òun dojú àpótí dé kí omi lè ṣàn jáde. Mo ní rárá, kí ó má gbé e, kí ó má yí i. Ẹlẹ́rìndòdò náà ti yan ọ̀nà tó gbà sọ̀ kalẹ̀. Tí a bá yí àpótí, a ó tún la ọ̀nà mìíràn fún un lọ sí ibi tí kò tíì dé. Ó tún bi mí bóyá òun lè tan án lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, kí òun kàn wò ó bóyá ó ṣì wà láàyè. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí mo ti rí tí omi pa, ọjọ́ tí omi dà sí i kọ́ ló kú. Ọjọ́ tí ẹni tó ni ín ní kí òun “kàn wò ó” ló kú.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo kọ́kọ́ ya fọ́tò gbogbo ibi tí wáyà ti wọlé kí n tó yọ ohunkóhun, nítorí ìgbà tí a bá ń tò ó padà ni èèyàn máa ń mọ̀ pé òun ò rántí nǹkan kan. Nígbà tí mo ṣí ẹ̀gbẹ́ àpótí, òórùn dídùn ló kọ́kọ́ kan imú mi. Mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo tẹ̀ lé ipa ọ̀nà rẹ̀. Fáànù òkè ń yí lọ́wọ́ nígbà tí ìgò dojú dé, torí náà ó ti ta díẹ̀ kiri: ẹ̀kán wẹ́wẹ́ wà lára gíláàsì, wọ́n wà lára irin tó ń tu processor, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀rọ, nínú. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù tọ ojú bọ́ọ̀dù wá, ó bọ́ sórí ẹ̀yìn káàdì àwòrán (èyí tó ń gbé àwòrán jáde sójú mọ́nítọ̀) tó na tàntàn bí pẹpẹ, ó ṣàn lórí rẹ̀ títí dé etí tí káàdì ti wọ inú ihò rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti rì wọlé. Àwọn ẹ̀kán mélòó kan tún kán sórí ìbòrí páwá páàkì nísàlẹ̀, lẹ́bàá ojú ibi tí wáyà ti ń jáde.

Ohun tí mo kọ́kọ́ yọ ni SSD, ibi tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú fáìlì sí, kì í ṣe pé òun ló tutù jù. Ẹ̀yìn irin tó gbé bọ́ọ̀dù ró ni wọ́n dè é mọ́, ẹ̀kán kan ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo kọ́kọ́ yọ ọ́ nítorí pé iṣẹ́ ìwádìí tó wà lórí rẹ̀ kò ní ẹ̀dà níbòmíràn. Bọ́ọ̀dù, káàdì, RAM (ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí fún ìgbà díẹ̀), gbogbo wọn ni owó lè rà. Odidi ọdún tí èèyàn fi kọ̀wé kò ṣeé rà. Mo fi wáyà tó ń sọ SSD di fíláàṣì so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tèmi, mo da gbogbo rẹ̀ kọ sí ibi méjì, mo sì ní kí ó ṣí orí ìwé tó kọ gbẹ̀yìn kí ó fojú ara rẹ̀ rí i. Ó kà á títí dé gbólóhùn ìparí, ó wá mí kanlẹ̀. Ó jọ pé omi nìkan ló dànù, agbè ò tíì fọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tú ìyókù: káàdì àwòrán, RAM, fáànù, irin ìtutù, processor, títí bọ́ọ̀dù fi kù ní ìhòòhò lórí tábìlì. Mo gbé processor wo lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì, mo wo inú ibùjókòó rẹ̀ níbi tí pínnì tó lé ní ẹgbẹ̀rún ti dúró bí irun búrọ́ọ̀ṣì. Ó gbẹ. Mo dé ìbòrí rẹ̀ padà kíákíá, nítorí àwọn pínnì yẹn, bí aṣọ bá fi kọ́ wọn lásán wọ́n ti tẹ̀. Ilẹ̀ ti ṣú, ó ti rẹ̀ mí, mo fi bọ́ọ̀dù sílẹ̀ di àárọ̀.

Àṣìṣe tèmi nìyẹn, mo sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Mo gbàgbé bátìrì. Bátìrì pẹlẹbẹ bí owó ẹyọ wà lára mọ́dábọ́ọ̀dù, CR2032, fóltì 3 ni, òun ló ń jẹ́ kí aago ẹ̀rọ máa rìn tí iná bá lọ. Lórí bọ́ọ̀dù yìí, abẹ́ káàdì àwòrán gan-an ló wà, ní ìtòsí ibi tí ẹlẹ́rìndòdò rì sí. Èmi tí mo bínú pé wọn ò tètè fa púlọ́ọ̀gì, èmi náà fi fóltì 3 sílẹ̀ nínú ọ̀rinrin mọ́jú. Nígbà tí mo yọ ọ́ láàárọ̀, etí irin tó dì í mú ti ní àwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́. Tí omi bá ti dé ara bọ́ọ̀dù, bátìrì yẹn ló yẹ kí ó tẹ̀ lé púlọ́ọ̀gì, kí a tó rántí sìkúrúù kankan.

Kí ni iná ń ṣe gan-an nínú ẹlẹ́rìndòdò? Omi tó mọ́ gaara kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé iná kọjá. Ásíìdì àti iyọ̀ tó yọ́ sínú omi ló ń gbé e. Phosphoric acid wà nínú ẹlẹ́rìndòdò dúdú, òun ló ń jẹ́ kí ó ta díẹ̀ lẹ́nu, ó sì tó láti sọ omi náà di ọ̀nà fún iná. Ṣúgà kò gbé iná ní tirẹ̀. Iṣẹ́ ibi mìíràn ni ó ń ṣe: ó ń lẹ̀, ó ń fa ọ̀rinrin mọ́ra, ó ń jẹ́ kí ibi tó yẹ kó ti gbẹ máa tutù lọ. Ó sì pọ̀ nínú rẹ̀, nǹkan bíi gíráàmù 10 nínú mìlílítà 100. Bí irin méjì bá wà nítòsí ara wọn nínú irú omi bẹ́ẹ̀, tí ọ̀kan ní fóltì tí èkejì kò sì ní, irin tó ní fóltì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ díẹ̀díẹ̀ sínú omi, bàbà rẹ̀ yóò rìn lọ sọ́dọ̀ èkejì, yóò sì lẹ̀ mọ́ ọn, nígbà mìíràn bí gbòǹgbò tín-ínrín tó ń wá ilẹ̀. Bí gbòǹgbò náà bá kan òdìkejì, wọ́n ti di ara wọn mú nìyẹn. Níbi tí kò ti sí iná, omi yìí kan náà kì í tètè jẹ irin bẹ́ẹ̀, yóò kàn máa lẹ̀ mọ́wọ́.

Ibi tí mo ti rí i kedere jù ni inú ihò káàdì àwòrán. Ihò náà gùn, ìgànná kékeré kan sì pín in sí méjì: apá kúkúrú tó ní pínnì mọ́kànlá ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, àti apá gígùn. Apá kúkúrú ni iná ń gbà wọ káàdì. Mo fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ni ẹlẹ́rìndòdò kàn, gbogbo wọn ló ń lẹ̀, ṣùgbọ́n àwọ̀ góòlù wọn ṣì wà. Àfi ọ̀kan. Pínnì kẹwàá ní ẹ̀gbẹ́ B, èyí tó ṣìkejì sí ìgànná náà, ti dúdú bí orí ìṣáná tó jó, àwọ̀ ewé sì yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká. Mo ṣí àtẹ àwọn pínnì wò. Pínnì kẹwàá ni wọ́n ń pè ní 3.3Vaux: iná ìmúra, èyí tó ṣì máa ń wà lórí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù nígbà tí a bá ti pa kọ̀ǹpútà. Nínú gbogbo àwọn tí wọ́n jọ mu omi kan náà ní ìṣẹ́jú kan náà, òun nìkan ló jẹ báyìí, nítorí òun nìkan ni kò sùn. Mo pe àbúrò mi kí ó wá wò ó. Ó wo inú awò náà pẹ́. Kò bi mí mọ́ pé kí ni ìyàtọ̀ pípa àti yíyọ.

Fífọ̀ ló kàn. Ọ̀pọ̀ ló máa ń sáré mú isopropyl alcohol, wọ́n á ní òun ló ń fọ bọ́ọ̀dù. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ṣúgà kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ́ nínú rẹ̀. Bí o bá dà á sórí ẹlẹ́rìndòdò tó ti ń gbẹ, omi inú rẹ̀ yóò lọ, ṣúgà yóò kù síbẹ̀ bí ìda. Omi ló ń tú ṣúgà. Nítorí náà omi dístíìlì ni mo kọ́kọ́ lò, ìyẹn omi tí wọ́n sọ di oru tí wọ́n tún mú padà di omi, tí kò fi ní iyọ̀ tí yóò ṣẹ́kù nígbà tó bá gbẹ. Ẹ̀rù ba àbúrò mi nígbà tó rí i tí mo ń da omi sórí bọ́ọ̀dù tí a ń sọ pé omi ló bà jẹ́. Mo ní iná ni ọ̀tá, iná ò sì sí níbẹ̀ mọ́: púlọ́ọ̀gì ti kúrò, páwá páàkì ti kúrò, bátìrì ti kúrò. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ gbogbo ibi tó lẹ̀, mo da omi mìíràn lé e, mo tún fọ̀ ọ́, títí ìka mi kò fi lẹ̀ mọ́ ohunkóhun. Ihò káàdì yẹn gba sùúrù jù. Omi kì í fẹ́ jáde nínú rẹ̀, mo sì níláti dorí bọ́ọ̀dù kodò kí n máa gbọ̀n ọ́n. Ẹ̀yìn èyí ni mo wá da isopropyl alcohol, ìdá 99 nínú 100, sí i, kí ó lé omi tó fara pamọ́ jáde. Èyí tí wọ́n ń pè ní 70, omi ló kún ìyókù rẹ̀, kò dára fún iṣẹ́ yìí. Ojú fèrèsé tó ṣí sílẹ̀ ni mo ti ṣe é, níbi tí kò sí iná tàbí ìṣáná, torí pé oru rẹ̀ máa ń gbaná wàrà.

Mo fi bọ́ọ̀dù àti káàdì sí iwájú fáànù fún ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò lo ẹ̀rọ ìgbẹrun, nítorí afẹ́fẹ́ rẹ̀ tó le máa ń ti omi wọ abẹ́ àwọn nǹkan pẹlẹbẹ tó lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù, ooru rẹ̀ sì lè rọ ihò oníke. Mi ò rì í sínú ìrẹsì pẹ̀lú. Afẹ́fẹ́ tó ń kọjá ló ń gbé ọ̀rinrin lọ. Ìrẹsì kò ju kí ó fi eruku sí inú ihò lọ.

Páwá páàkì ni mi ò ṣí. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka èyí dúró díẹ̀ níbi yìí. Kapásítọ̀ ńlá inú rẹ̀ máa ń tọ́jú ohun tó lé ní 300 fóltì níbi tí iná ilé bá jẹ́ 230, ó sì lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí a ti fa púlọ́ọ̀gì. Ó lè pa èèyàn. Mo dán an wò láti ìta, láìso ó mọ́ bọ́ọ̀dù, mo fi mítà wọn ojú wáyà rẹ̀: 12.11, 5.05, 3.34. Àyè tí ìlànà fún wọn ni ìdá 5 nínú 100 sókè tàbí sísàlẹ̀, nítorí náà wọ́n wà ní ibi tó yẹ. Síbẹ̀ mo ní kí ó ra òmíràn. Àbàwọ́n wà lẹ́nu ojú ibi tí wáyà ti ń jáde, mi ò sì lè rí bóyá ó wọlé tàbí kò wọlé. Wíwọ̀n tí kò sí ẹrù lórí páwá páàkì kò sọ bí yóò ṣe ṣe nígbà tí ẹrù bá dé. Ohun tí mi ò lè búra fún, mi ò lè so ó mọ́ bọ́ọ̀dù tí mo fi ọjọ́ mẹ́rin tọ́jú.

Ọjọ́ tí a tan án, a ò kó gbogbo rẹ̀ padà. Bọ́ọ̀dù, processor pẹ̀lú ọ̀rá ìtutù tuntun (thermal paste) lórí rẹ̀, RAM kan ṣoṣo, páwá páàkì tuntun, wáyà mọ́nítọ̀ lára bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀. Bí nǹkan bá jó, kí ó jẹ́ èyí tó kéré jù. Fáànù yí, ojú mọ́nítọ̀ mọ́lẹ̀. Àbúrò mi pàtẹ́wọ́, mo ní kí ó ṣe sùúrù. RAM kejì wọlé, ó dára. Mo jẹ́ kí Memtest86+, ètò tó ń yẹ RAM wò, sáré lórí wọn mọ́jú, kò rí àṣìṣe kankan. SSD wọlé, ó dára.

Káàdì àwòrán wọlé, kọ̀ǹpútà ò rí i. A pa á, a yọ púlọ́ọ̀gì, mo tún fi omi dístíìlì fọ ihò náà, mo da isopropyl alcohol sí i, ó tún gbẹ fún ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn èyí ó rí i lẹ́ẹ̀mejì, ó sọ ọ́ nù lẹ́ẹ̀kẹta. Pínnì tó ń gba àṣẹ ìbẹ̀rẹ̀ fún káàdì wà ní ẹ̀gbẹ́ A, ní òdìkejì, nítòsí ibi tó dúdú yẹn, mo sì gbà pé ìdọ̀tí kan ṣì wà nísàlẹ̀ tí búrọ́ọ̀ṣì ò lè dé. Mi ò bá a jà mọ́. Mo gbé káàdì lọ sí ihò kejì nísàlẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ kéré sí ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n fún ẹni tó ń kọ̀wé tó sì ń ya àtẹ, kò ní mọ ìyàtọ̀. Ó rí i lójú ẹsẹ̀, kò sì sọ ọ́ nù mọ́. Fáànù òkè ń ké nígbà tó bá ń yí, ṣúgà ti wọ ọ̀pá rẹ̀. A pààrọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mo tún lọ ṣí i, nítorí ìdógùn-ún lè máa jẹun lọ lábẹ́lẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Púlọ́ọ̀gì ti wà nílẹ̀ kí n tó wọlé, àbúrò mi ló yọ ọ́. Mo fi awò wo etí bátìrì: ó mọ́. Mo wo ihò àkọ́kọ́: pínnì kẹwàá ṣì dúdú bẹ́ẹ̀, àwọ̀ ewé ẹsẹ̀ rẹ̀ ò pọ̀ sí i. Mo fi ọ̀rá téépù bo ẹnu ihò náà kí ẹnikẹ́ni má baà tún ki káàdì bọ̀ ọ́, mo sì dé àpótí padà.